Jẹ̀dí Bàbá Ìbejì: Inú Tí Wọ́n Ń Fọ̀ Tí Wọn Ò Bọ́

Ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí ẹ̀jẹ̀ náà. Ó fẹ́ fọ pátá tí ọkọ rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Sátidé kan ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kàrún-ún ọdún 2023, ó sì rí àbàwọ́n pupa ní ìdí rẹ̀. Kò pariwo. Ó ká a sínú ọ̀rá dúdú, ó gbé e tọ̀ mí wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ní, "Màmá Nọ́ọ̀sì, ẹ dákun, ẹ bá mi wo nǹkan yìí. Bí mo bá bi Bàbá Ìbejì, jẹ̀dí ni yóò pè é, àgbo ni yóò sì ní kí n lọ rà wá."

Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ògiri kan ló sì wà láàárín ilé mi àti tiwọn. Mo mọ ọkọ rẹ̀ láti ìgbà tó ti ń kọ́ṣẹ́. Ó ti fún mi láyè láti kọ ọ̀rọ̀ yìí, ó ní kí n ṣáà má dárúkọ òun. Èmi náà ṣèlérí fún un pé n ó kọ ibi tí èmi gan-an ti ṣì í ṣe, torí mo ṣì í ṣe lóòótọ́.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀

Ọmọ ọdún 46 ni. Télọ̀ ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì wà lápá Old Garage níbí ní Òṣogbo, lábẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí ṣọ́ọ̀bù mọ́kànlá wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ló ń jókòó sídìí ẹ̀rọ, kì í sì í dìde àfi tó bá fẹ́ kírun tàbí tó bá fẹ́ wọn ara oníbàárà. Bí Iléyá bá ń bọ̀, tàbí tí aṣọ ẹgbẹ́ ọdún Ọ̀ṣun bá ti ń rọ́ wọlé nínú oṣù Keje, ó lè di aago mẹ́wàá alẹ́ kó tó tilẹ̀kùn. Kì í mu sìgá, kì í mu ọtí.

Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí ìgbẹ́ rẹ̀ ti le. Ó máa ń jáde ní kóró kóró bí ti ewúrẹ́, ó sì ní láti fún ara rẹ̀ títí iṣan ọrùn yóò fi yọ. Ààwẹ̀ Ràmàdáànì ọdún náà, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 23 oṣù Kẹta, ló wá ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ pátápátá. Ẹ rántí ooru ìgbà yẹn. Bó bá jẹ sàárì, ife omi kan ló ń mu lé e. Bó bá ṣínu, ó ti rẹ̀ ẹ́ kọjá ẹni tó ń wá omi kiri. Ọjọ́ mẹ́rin, ọjọ́ márùn-ún, kò ní rí ìgbẹ́ yà. Kí ààwẹ̀ tó pé, nǹkan kan ti ń yọ sóde nídìí rẹ̀ bó bá ti fún ara, á sì padà wọlé fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀jẹ̀ dé.

Ìyàwó rẹ̀ ní kì í ṣe ìdí nìkan. Inú rẹ̀ ń wú lálẹ́ bí ìlù. Orí ń fọ́ ọ, ó ń rẹ̀ ẹ́, kì í sùn wọra mọ́. Ẹni tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí aláwàdà ti di ẹni tí àwọn ọmọọṣẹ́ rẹ̀ ń sá fún. Ó ju bébà mọ́ ọmọ kan lórí nítorí pé ó gbé síṣọ́ọ̀sì sí ibi tí kò yẹ.

Ìyá alágbo

Àgbo jẹ̀dí ni Bàbá Ìbejì fi ń bẹ̀rẹ̀ ọjọ́, ife kan láàárọ̀, nígbà mìíràn ife kan sí i lálẹ́. Oṣù méje ló fi ń mu ún bẹ́ẹ̀ láìdá ọjọ́ kan. Nínú ààwẹ̀ pàápàá, bó bá ti fi dàbínù ṣínu, àgbo ló kàn.

Mo lọ bá ìyá tó ń tà á. Mo fẹ́ mọ ohun tó wà níbẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀ sí i, torí mi ò fẹ́ràn kí nọ́ọ̀sì máa bú ohun tí kò mọ̀. Obìnrin náà gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀. Ó ní àsùnwọ́n ni olórí rẹ̀, egbò igi méjì kan tí kò fẹ́ dárúkọ ló fi kún un, inú omidùn ló sì ń rẹ wọ́n sí. Nígbà tí mo bi í nípa bí wọ́n ṣe ń lò ó, kò fi ohunkóhun pamọ́. "Ọjọ́ mẹ́ta ni mo ní kó mu ún, Màmá. Òun ló sọ ọ́ di tíì."

Òótọ́ ló sọ. Ìdílé kan náà ni àsùnwọ́n àti ewé senna tí wọ́n fi ń ṣe hóró oògùn ìgbẹ́ líle tó wà ní kẹ́míìsì. Ó máa ń ta ìfun ńlá jí, á jẹ́ kó máa fún ara rẹ̀, kò sì ní jẹ́ kó fa omi inú ìgbẹ́ tán. Láàárín wákàtí mẹ́fà sí méjìlá, inú á ṣí. Fún ọjọ́ mélòó kan, kò sí aburú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àgbo bá gbá ìfun náà mọ́ tónítóní lónìí, ó máa ń tó ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta kí nǹkan tó tún kún ibẹ̀ débi tí èèyàn á fi rí ìgbẹ́ yà. Láàárín ọjọ́ méjì mẹ́ta yẹn, kò ní sí ìgbẹ́, kò sì yẹ kó sí. Ẹni tí kò mọ̀ á ní jẹ̀dí ti tún dè é, á tún gbé ife. Bẹ́ẹ̀ ni ìfun Bàbá Ìbejì ṣe di ẹrú tí kì í ṣiṣẹ́ àfi tí wọ́n bá nà án. Omi àti iyọ̀ ara, pàápàá potassium, sì ń bá ìgbẹ́ ṣíṣàn yẹn lọ. Ara tó ń rẹ̀ ẹ́ ò ṣẹ̀yìn rẹ̀.

Àwa Yorùbá fẹ́ràn inú fífọ̀, kí a sọ òótọ́. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí ọlidé bá ti ku ọ̀la kó parí, ìyá mi àgbà á to gbogbo wa sẹ́yìnkùlé, ife àgbo kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá bì á tún mu òmíràn. A ó fi gbogbo ọjọ́ yẹn sáré. Ó ní kí inú wa mọ́ kí ìwé lè wọ orí. Mi ò rò pé ó pa wá lára, ẹ̀ẹ̀kan láàárín oṣù mẹ́ta ni. Àmọ́ ó gbin èrò kan sí wa lọ́kàn tí mo rí lára aláìsàn tí mi ò lè ka iye wọn: pé ìkòkò ni inú, ohun tó kàn ni kí á máa fọ̀ ọ́.

Inú kì í ṣe ìkòkò. Ó sún mọ́ oko ju ìkòkò lọ. Ìfun ńlá wa, tí gígùn rẹ̀ tó mítà kan àti ààbọ̀, ni ilé kòkòrò bakitéríà tí ojú ò lè rí, tí àwọn onímọ̀ fojú bu iye wọn lọ́dún 2016 sí nǹkan bíi tírílíọ̀nù 38. Ohun tí àwa ò lè dà nínú oúnjẹ ni wọ́n ń jẹ. Ohun náà ni wọ́n ń pè ní fáíbà: ó wà nínú èèrí ògì, èèpo ẹ̀wà, ewé ẹ̀fọ́, àti awọ fẹ́lẹ́ tó bo awẹ́ ọsàn. Bí wọ́n bá jẹ ẹ́ tán, wọ́n á fi ṣe èròjà kan tó ń jẹ́ butyrate, òun ni ara ìfun ńlá fúnra rẹ̀ sì ń jẹ kó lè lágbára. Ẹni tó bá ń fọ inú rẹ̀ lójoojúmọ́ tí kò sì bọ́ ọ, ó dà bí ẹni tó ń ro oko tí kò gbin nǹkan kan síbẹ̀.

Ìwé ọjọ́ mẹ́ta

Mo ní kí ìyàwó rẹ̀ kọ gbogbo ohun tó bá wọ ẹnu ọkọ rẹ̀ sínú ìwé fún ọjọ́ mẹ́ta. Ìwé ìṣirò ọ̀kan nínú àwọn ìbejì ló ya. Ó ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, búrẹ́dì funfun àti tíì, ẹyin díndín lẹ́ẹ̀kan. Lọ́sàn-án, ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ata pẹ̀lú pọ̀nmọ́. Lọ́jọ́ kejì, ìrẹsì funfun. Lọ́jọ́ kẹta, àmàlà àti ewédú, ìyẹn nìkan sì ni ewé tó wọ inú rẹ̀ láàárín wákàtí méjìléláàádọ́rin. Lálẹ́, indomie lẹ́ẹ̀mejì, búrẹ́dì tó ṣẹ́kù lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀wà, kò sí. Èso, kò sí. Omi, píọ̀ wọ́tà méjì lójúmọ́. Píọ̀ wọ́tà kan kò ju ìdajì lítà lọ, ìyẹn ni pé lítà kan ló ń mu, lábẹ́ páànù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ áyọ́ọ̀nù gbígbóná.

Mo ṣírò fáíbà inú rẹ̀ léraléra, kò kọjá gíráàmù 12 lóòjọ́. Ó kéré tán, gíráàmù 25 ni WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ní kí àgbàlagbà máa jẹ. Mo rántí ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2015 nígbà tí mo rí 12 yẹn. Wọ́n mú ogún aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà àti ogún ará abúlé ní South Africa, wọ́n ní kí wọ́n pààrọ̀ oúnjẹ fún ọ̀sẹ̀ méjì péré. Àwọn ará Amẹ́ríkà bọ́ sórí oúnjẹ àgbàdo, ẹ̀wà àti ewé. Àwọn ará abúlé bọ́ sórí ẹran díndín àti oúnjẹ ọlọ́ràá. Fáíbà àwọn ará abúlé já láti gíráàmù 66 sí 12. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, àmì tí wọ́n fi ń mọ ìfun tó lè ní jẹjẹrẹ ń lọ sókè lára àwọn tiwa, ó ń lọ sílẹ̀ lára àwọn tọ̀hún. Kò sẹ́ni tó gbé Bàbá Ìbejì lọ sí Amẹ́ríkà o. Ní Old Garage ló jókòó sí tó ti ń jẹ gíráàmù 12 tirẹ̀.

Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi ẹnu kan èso. Ìgbà mángòrò ni a wà, ọmọdé ń fi ń gbá bọ́ọ̀lù. Ó wò mí bí ẹni tí mo fẹ́ fún ní májèlé. "Màmá, ọsàn kẹ̀? Ṣé dídùn kọ́ ni jẹ̀dí ń fẹ́?"

Ó ti lé lọ́dún méjì tó ti yọwọ́ nínú ọsàn, ìbẹ́pẹ, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti mángòrò nítorí jẹ̀dí. Ó yọ ẹ̀wà náà, torí ó ń wú u nínú. Ṣùgbọ́n búrẹ́dì funfun kò korò, kò dùn, nítorí náà kò sẹ́ni tó fura sí i. Gbogbo ohun tó lè mú ìgbẹ́ rẹ̀ rọ̀ ló fi òfin dè, ó wá ń fi àgbo wá ohun tí ọsàn ìbá ṣe fún un.

Ibi tí òótọ́ fi wà nínú ọ̀rọ̀ dídùn yẹn ni pé ẹni tó bá fi mínírà àti bisikíìtì ṣe oúnjẹ kò ní rí ààyè jẹ ohun tó ní fáíbà. Àmọ́ ṣúgà kì í rìn dé ìdí kó máa jẹ ẹ́. Gbogbo wa la ní ẹran rọ̀bọ̀tọ̀ tí iṣan ẹ̀jẹ̀ kún nínú ihò ìdí, òun ló ń bá wa dé ẹnu ibẹ̀ pa. Bí èèyàn bá ń fún ara lé ìgbẹ́ líle lọ́jọ́ dé ọjọ́, ẹ̀jẹ̀ á dúró sínú iṣan náà, á wú, á máa sọ̀ kalẹ̀, ìgbẹ́ líle á sì máa ha á. Denis Burkitt, dókítà oníṣẹ́ abẹ tó lo ọ̀pọ̀ ọdún ní Uganda, ti ń sọ ọ́ láti nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn pé ibi tí ìgbẹ́ àwọn èèyàn bá ti pọ̀ tó sì rọ̀, jẹ̀dí kì í wọ́pọ̀ níbẹ̀.

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀

Ohun tí ìwé ọjọ́ mẹ́ta yẹn ò sọ fún mi ni ìdí tó fi ń mu píọ̀ wọ́tà méjì péré. Ọmọọṣẹ́ rẹ̀ kan ló tú u fó.

Ṣọ́ọ̀bù mọ́kànlá, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan. Omi kì í sí níbẹ̀, ilẹ̀kùn rẹ̀ ti já, ẹni tó bá wọlé ní láti fi ọwọ́ kan di ilẹ̀kùn mú. Ẹni tó bá ti pọ́n lójú á rìn dé ti inú ọjà, á sanwó, á tò sórí ìlà. Ọ̀gá télọ̀ tí oníbàárà mẹ́ta dúró dè kò ní ààyè ìyẹn. Nítorí náà kì í mu omi kó má bàa tọ̀, bí ìgbẹ́ bá sì gbọ̀n ọ́n, á dì í mọ́ra títí alẹ́.

Ìgbẹ́ tí a dì mọ́ra kò dúró bó ṣe wà. Ìfun á máa fa omi inú rẹ̀ lọ, á gbẹ, á le. Bí ara bá sì ti ń kan ilẹ̀kùn tí a ò dá a lóhùn, ọjọ́ ń bọ̀ tí kò ní kàn án mọ́. Ní tòótọ́, bí wọ́n bá bi mí pé kí ló fa jẹ̀dí ọkùnrin yìí, mi ò ní kọ́kọ́ dárúkọ oúnjẹ. Ilẹ̀kùn tó já yẹn ni n ó kọ́kọ́ dárúkọ.

Ọsibítù

Kò fẹ́ lọ. Ó ní kí ni dókítà fẹ́ fi ìka wá nídìí òun. Mo ní kó gbọ́ mi: orúkọ tí a ń pè ní jẹ̀dí yìí fẹ̀ jù. Ẹ̀jẹ̀ nídìí, jẹ̀dí ni. Ìdí tó ń yọ, jẹ̀dí ni. Ìgbẹ́ ọ̀rìn, jẹ̀dí ni. Ẹ̀yìn ríro àti ọkùnrin tí nǹkan rẹ̀ kò dìde dáadáa, wọ́n á tún ní jẹ̀dí ni. Jẹjẹrẹ ìfun ńlá náà máa ń sá pamọ́ sábẹ́ orúkọ yẹn, mo sì ti rí àwọn tó mu àgbo lé e lórí títí ó fi bọ́ sórí. Ẹni tó ti lé ní ọdún 45, tí ẹ̀jẹ̀ ń dà nídìí rẹ̀, tí ó ń rẹ̀, tí bó ṣe ń yàgbẹ́ sì ti yí padà, kò gbọ́dọ̀ fi ẹnu lásán pe ohun tó ń ṣe é. Ìyàwó rẹ̀ ló parí ẹjọ́ náà. Ó ní bí kò bá lọ, òun á gbé ọ̀rá dúdú yẹn tọ ìyá rẹ̀ lọ.

Wọ́n yẹ ìdí rẹ̀ wò, wọ́n rí iṣan tó wú, èyí tó ń yọ tó sì ń padà fúnra rẹ̀. PCV rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe tó lára, jẹ́ 30, ọkùnrin tó lera máa ń tó 40. Nítorí 30 yẹn ni dókítà kò ṣe fẹ́ fi ọ̀rọ̀ náà mọ sí jẹ̀dí. Ó ní kó lọ sí Ilé-Ifẹ̀ kí wọ́n fi ẹ̀rọ oníkámẹ́rà wo gbogbo ìfun ńlá rẹ̀. Oògùn tí wọ́n fún un mu lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú kí inú rẹ̀ lè mọ́, ó ní àgbo òyìnbó nìyẹn, ó ní ti ìyá alágbo dùn jù ú lọ. Wọn ò rí kókó kankan, wọn ò rí egbò. Wọ́n fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀ àti oògùn tó ń mú ìgbẹ́ rọ̀, wọ́n ní kó máa jókòó sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lálẹ́, kó sì tún oúnjẹ rẹ̀ ṣe. Oúnjẹ ni wọ́n dá dúró dè mí.

Ibi tí mo ti ṣì í ṣe

Inú mi dùn, mo sì kánjú. Mo kọ ìwé fún ìyàwó rẹ̀: ẹ̀wà láàárọ̀, ẹ̀wà lálẹ́, ẹ̀fọ́ rẹpẹtẹ, kó da èèrí àlìkámà sínú ògì rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní. Omi, ẹnu lásán ni mo fi sọ ọ́.

Lọ́jọ́ kẹrin, inú rẹ̀ wú débi pé kò lè de bẹ́líìtì. Àwọn ọmọọṣẹ́ rẹ̀ ṣí fèrèsé, wọn ò sì sọ ìdí tí wọ́n fi ṣí i. Lọ́jọ́ karùn-ún, ìgbẹ́ tó yà dúdú bí èédú, ó sì le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ló ń sọ ìgbẹ́ di dúdú bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń mú kó gbẹ, ṣùgbọ́n èmi kò kìlọ̀ fún un. Ẹ̀rù bà á. Ó ju oògùn náà nù, ó yọ́ padà sọ́dọ̀ ìyá alágbo.

Mo kọ́kọ́ bínú. Nígbà tí mo jókòó rò ó, mo rí i pé èmi ni mo jẹ̀bi. Kòkòrò inú ìfun tí wọn ò ti fún ní fáíbà láti ọdún mẹ́ta, ẹ ò lè ṣàdédé da àpò ẹ̀wà lé wọn lórí. Gáàsì ni wọ́n á fi dá yín lóhùn. Ẹ̀wà tilẹ̀ ní irú ṣúgà kan tí ara wa kò lè dà, tó jẹ́ pé inú ìfun ńlá ni wọ́n ti ń sọ ọ́ di afẹ́fẹ́. Ní ti omi, ìyàwó ilé tó ń rokà ẹ̀bà mọ̀ ọ́n ju èmi lọ: gaàrí tó wà nínú omi púpọ̀ á rọ̀, èyí tí omi rẹ̀ kò tó á di òkúta. Mo ti da gaàrí sínú ọkùnrin yìí, mi ò da omi sí i.

Ẹ̀ẹ̀kejì

Ọ̀sẹ̀ kìíní, mi ò fọwọ́ kan oúnjẹ rẹ̀ rárá. Omi nìkan. Píọ̀ wọ́tà mẹ́rin lójúmọ́, ọmọọṣẹ́ tó kéré jù ló ń kó ọ̀rá òfìfo wọn jọ sábẹ́ tábìlì ìlọṣọ, kò sì ní gbé e dànù títí yóò fi pé mẹ́rin. Mo ní kó máa yàgbẹ́ kó tó kúrò nílé, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, torí bí oúnjẹ bá ti bọ́ sínú agbẹ̀du, ìfun ńlá máa ń jí ṣiṣẹ́. Ó gbé àpótí kékeré kan síwájú ọ̀pọ́n ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀, ó ń gbé ẹsẹ̀ lé e kí orúnkún lè ga, bí ẹni tó lóṣòó sí ṣáláńgá. Àwọn bàbá wa kò nílò àpótí yẹn.

Ọ̀sẹ̀ kejì, ọsàn kan àti ìrẹ́ ìbẹ́pẹ. Mo ní ọsàn náà ni kó máa fi lo oògùn ẹ̀jẹ̀, torí kíkan rẹ̀ ń jẹ́ kí ara gba èròjà irin (iron) inú oògùn náà dáadáa, tíì sì ń dí i lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ọsàn tí wọ́n ti lé kúrò nílé ṣe di oògùn. Dókítà ní kó máa lo oògùn ẹ̀jẹ̀ náà lọ́jọ́ kan, kó fo ọjọ́ kejì, èyí kò sì dì í nínú bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹta la tó dé orí ẹ̀wà, ọ̀lẹ̀lẹ̀ la sì fi bẹ̀rẹ̀, nítorí wọ́n ti bó èèpo rẹ̀, kò le fún inú tó pẹ́ tí kò ti rí i. Ọ̀lẹ̀lẹ̀ àti ẹ̀kọ tutù, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀. Mo fẹ́ràn ẹ̀kọ tutù ju ẹ̀kọ mímu lọ fún irú rẹ̀. Bí ògì bá jinná tó sì tutù tó dì, apá kan nínú sítáàṣì rẹ̀ á yí padà débi tí ìfun kékeré kò fi ní lè dà á, á bọ́ sọ́wọ́ àwọn kòkòrò ìsàlẹ̀. Nígbà tó yá ni ẹ̀wà gidi wọlé, tí wọ́n rẹ mọ́jú tí wọ́n sì da omi rẹ̀ nù, pẹ̀lú tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti irú. Àwọn kan bi mí pé ṣé kó máa mu omidùn. Kòkòrò rere wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, kí iná tó kan ògì. Ṣùgbọ́n omi tí wọ́n fi rẹ àgbàdo náà ni mi ò mọ ibi tó ti wá, mi ò sì ní sọ pé kí ẹni tí PCV rẹ̀ jẹ́ 30 lọ dán an wò.

Àgbo ńkọ́? Mi ò ní kó já a lẹ́ẹ̀kan náà. Ó kọ́kọ́ ń mu ún lọ́jọ́ kan, ó ń fo ọjọ́ kejì, ó di ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, lẹ́yìn náà ó gbàgbé rẹ̀. Ìyá alágbo kò bá mi ṣọ̀tá. Ó ní òun ti sọ fún un.

Ẹ̀jẹ̀ dúró ní ọ̀sẹ̀ kẹrin. Ó tún dé lẹ́ẹ̀kan, ní ọjọ́ kẹta Iléyá, lẹ́yìn òru mẹ́rin ní ìdí ẹ̀rọ àti ọjọ́ mẹ́ta tí ẹran àgbò jẹ́ oúnjẹ, ata àti ọbẹ̀. Ó sáré wá bá mi, mo ní kó padà sórí omi àti ìbẹ́pẹ, kò sì tún rí i mọ́ títí oṣù Kẹjọ tí PCV rẹ̀ di 38. Nǹkan tó ń yọ nídìí rẹ̀ ṣì ń yọ nígbà mìíràn bó bá fún ara. Oúnjẹ kò lè dá iṣan tó ti wú padà sí bó ṣe wà; bó bá tún dà á láàmú, wọ́n á dì í ní okùn rọ́bà ní ọsibítù.

Ó ń sùn. Orí kì í fọ́ ọ mọ́, ó sì ti padà sí àwàdà rẹ̀. Mo ti gbọ́ tí àwọn èèyàn ń sọ pé ìfun ló ń ṣe serotonin, èròjà tó ń tu ọkàn lára, nítorí náà ẹni tó bá jẹ ẹ̀fọ́ inú rẹ̀ á dùn. Lóòótọ́ ni pé nǹkan bíi 90 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni ìfun ń ṣe, àmọ́ kì í sọdá lọ sínú ọpọlọ. Èmi rò pé ẹ̀jẹ̀ tó padà sí ara rẹ̀, omi tó ń mu, àti pé kò bẹ̀rù ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mọ́, tó láti mú ọkùnrin rẹ́rìn-ín.

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà ńkọ́? Nínú oṣù Keje, òun ló lọ láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù, ó gba owó lọ́wọ́ àwọn mẹ́jọ. Méjì kò san. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn onírin sí i, wọ́n gbé dúrọ́ọ̀mù omi kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ọmọọṣẹ́ ló ń pọn ọ́n kún láràárọ̀. Nígbà tí mo lọ gba bùbá mi níbẹ̀ lọ́sẹ̀ ọdún Ọ̀ṣun, aṣọ ẹgbẹ́ ga dé òrùlé, oníbàárà mẹ́rin jókòó lórí bẹ́ǹṣì, kò sì sẹ́ni kankan nídìí ẹ̀rọ. Mo bi ọmọọṣẹ́ pé ọ̀gá rẹ̀ dà. Ó tọ́ka sí ìṣó kan lára ògiri, ibi tí wọ́n ń fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ sí. Kò sí kọ́kọ́rọ́ níbẹ̀.